Pop-up Tí Kì Í Jẹ́ Ká Gbádùn Kọ̀ǹpútà: Bí Ẹ Ṣe Máa Lé E Jáde Tí Kò Fi Ní Padà Wá

Àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ti ra áńtífáírọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ńjíníà kan sì ti pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, ó fi Windows tuntun sí i. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ìpolówó tẹ́tẹ́ àti "Your PC is infected!" tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nídìí ẹ̀. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Sáìtì kan tí wọ́n ti ń wo fíìmù ló bi wọ́n bóyá òun lè máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n tẹ "Allow" kí fíìmù lè bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí ẹ̀ńjíníà dá láptọ́ọ̀pù padà, wọ́n tún lọ sórí sáìtì yẹn, wọ́n tún tẹ "Allow".

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. À ń ra àgádágodo tuntun, bẹ́ẹ̀ àwa fúnra wa la ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Torí náà, àṣẹ tí a ti fún wọn la máa kọ́kọ́ gbà padà. Lẹ́yìn ìyẹn la máa wá olófòófó, ìyẹn áàpù amí tó ń yọ́ wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ tó sì ń kó páswọ́ọ̀dù, ká tó kan spam, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí ẹ kò bèèrè tó ń kún inú ímeèlì. Windows 11 àti Chrome ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ. Ibi tí Windows 10 tàbí Edge bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Wákàtí mẹ́ta tí iná ò ní lọ. Bí bátìrì yín kì í bá pẹ́ kú, ẹ dúró diná tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, torí ìpele karùn-ún ò fẹ́ kí iná já lójijì.
- Dátà. Àpdéètì Windows lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ra dátà òru, kó fi ìyẹn dúró dè é.
- Páswọ́ọ̀dù administrator, ìyẹn ẹni tó láṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà.
- Fóònù tí ẹ fọkàn tán. Òun lẹ máa fi pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ní ìpele kẹfà.
- Google Drive tàbí fíláàṣì tó ṣófo, tí ẹ máa kó fọ́tò àti ìwé pàtàkì sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má rò pé ẹ máa rántí.

Owó áńtífáírọ́ọ̀sì ò sí lára ẹ̀. Microsoft Defender tó bá Windows wá tó fún ilé.

Ìpele 1: Bí kọ̀ǹpútà bá ń pariwo lọ́wọ́

Nígbà míì, ojú ìwé kan á gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, fèrè á máa dún, ohùn kan á máa sọ pé Microsoft ti ti kọ̀ǹpútà yín pa, kí ẹ pe nọ́ńbà kan kíákíá. Ẹ má pè é. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ ẹ̀. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni, bí èyí tí ẹ ń kà yìí, àfi pé wọ́n mú un fẹ̀, wọ́n sì fi ariwo sí i.

Ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ F11, kí ẹ tún gbìyànjú Alt+F4. Bí ó bá ṣì ń ṣe orí kunkun, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc pa pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ wá Google Chrome níbẹ̀, kí ẹ tẹ "End task".

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn: X tó wà lára pop-up fúnra ẹ̀ lè jẹ́ àwòrán lásán, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, dáńlóòdù ló máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa gbogbo fèrèsé Chrome, ẹ má fọwọ́ kan X yẹn. Nígbà tí ẹ bá sì tún Chrome ṣí, tó bi yín pé "Restore pages?", ẹ má gbà, torí ojú ìwé ọ̀hún ló fẹ́ dá padà.

Bí ẹ bá ti pe nọ́ńbà yẹn, tí ẹ sì ti jẹ́ kí wọ́n fi AnyDesk tàbí irú ẹ̀ (áàpù tí èèyàn fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ibòmíì) wọlé, ẹ pa Wi-Fi báyìí, ẹ fi fóònù pe báǹkì yín, kí ẹ tó padà wá máa ka ìyókù.

Àyẹ̀wò: Chrome ṣí sí ojú ìwé òfìfo, ariwo sì ti dákẹ́.

Ìpele 2: Gbígba àṣẹ padà

Bí ìpolówó bá tún yọ ní igun yẹn, ẹ má sáré pa á. Ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa. Ní lẹ́tà wínníwínní, ẹ máa rí "Google Chrome" tàbí "Microsoft Edge", pẹ̀lú orúkọ sáìtì kan. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, notification ni, ìyẹn ìfitónilétí tí sáìtì ń fi ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ sì fún un láṣẹ. Ẹ kọ orúkọ sáìtì náà sílẹ̀.

1. Ní ibi tí ẹ máa ń kọ orúkọ sáìtì sí lókè, ẹ kọ chrome://settings/content/notifications, kí ẹ tẹ Enter. Ti Edge ni edge://settings/content/notifications.
2. Ẹ wá "Allowed to send notifications". Gbogbo ẹni tí ẹ ti gbà láyè ló wà níbẹ̀. Ti àǹtí mi jẹ́ mẹ́tàdínlógún, méjì péré ni wọ́n mọ̀ nínú ẹ̀.
3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, kí ẹ yan "Block". "Remove" ò tó, torí sáìtì tí ẹ kàn yọ lè padà wá bèèrè lọ́la.
4. Lókè ojú ìwé yẹn kan náà, ẹ yan "Don't allow sites to send notifications". Bí ẹ bá nílò ti sáìtì kan, bíi WhatsApp Web, ẹ lè fi "Add" fi òun nìkan sí i.
5. Ẹ lọ sí chrome://settings/content/popups, kí ẹ rí i pé sáìtì kankan ò láṣẹ láti ṣí pop-up. Ẹ yọ àwọn tó bá wà nínú "Allowed".

Àwọn tó pọ̀ jù ló máa ń pa history, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn sáìtì tí wọ́n ti wò, rẹ́, tí wọ́n á ní àwọn ti ṣe é. History ò kan àṣẹ rárá. Àwọn míì á ṣe ti Chrome, wọ́n á gbàgbé pé Edge ni àwọn ọmọ ń lò, tàbí pé ọmọ wọn ní profaili tiẹ̀ nínú Chrome kan náà. Gbogbo bùráúsà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti gbogbo profaili inú wọn lẹ máa ṣe é fún.

Àyẹ̀wò: Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ fi Chrome sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìpolówó bá yọ pẹ̀lú orúkọ bùráúsà, ẹ ti fo profaili kan. Bí kò bá ní orúkọ bùráúsà rárá, áàpù kan ló wà nídìí ẹ̀, ìpele kẹrin ló máa mú un.

Ìpele 3: Extension

Extension ni àwọn áàpù kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ bùráúsà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lágbára láti ka gbogbo ojú ìwé tí ẹ bá ṣí, títí kan ti báǹkì. Ẹ lọ sí chrome://extensions. Òfin tèmi ò le: èyí tí ẹ kò bá lè fẹnu sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ tẹ "Remove". Àwọn tó ń pera wọn ní olùyí PDF padà, olùdáńlóòdù fídíò àti olùwá ẹ̀dínwó ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí chrome://settings/reset, kí ẹ tẹ "Restore settings to their original defaults". Kò ní fọwọ́ kan bookmark, history tàbí páswọ́ọ̀dù tí ẹ tọ́jú, àmọ́ á dá ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ẹ̀rọ ìṣàwárí padà sí bó ṣe wà.

Bí ẹ bá yọ extension kan tó tún padà wá, ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà míì tí ẹ ti fi ímeèlì kan náà wọ Chrome, bóyá ti ọ́fíìsì, ló ń tì í padà wá nípasẹ̀ sync, ètò tó ń mú kí Chrome orí gbogbo kọ̀ǹpútà yín bára mu. Ẹ lọ yọ ọ́ lọ́hùn-ún. Tàbí kí ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè ní Chrome kí ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rí "Managed by your organization", tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ti ilé tí iléeṣẹ́ kankan ò fún yín, ó ṣeé ṣe kí áàpù kan ti fi òfin sínú Windows pé ẹ ò gbọdọ̀ yọ extension yẹn. Áńtífáírọ́ọ̀sì míì náà máa ń fi irú òfin bẹ́ẹ̀ sí i, torí náà ẹ má tíì kó ìpayà. Ẹ ṣe ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún kí ẹ tó padà wá wò ó.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ "ojú ọjọ́ Ìbàdàn" síbi orúkọ sáìtì lókè. Èsì gbọ́dọ̀ wá tààrà láti Google, kó má kọ́kọ́ fò gba sáìtì míì kọjá.

Ìpele 4: Áàpù tí ẹ kò pè

Ẹ ṣí Settings, Apps, Installed apps. Lórí Windows 10, "Apps & features" ni wọ́n pè é. Ẹ tò ó ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé, kí èyí tó dé kẹ́yìn wà lókè. Ẹ wá ronú: ìgbà wo ni ìyọnu yìí bẹ̀rẹ̀? Àwọn áàpù tó wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ká wò.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé rèé: ẹ dáńlóòdù áàpù ọ̀fẹ́ kan, ẹ tẹ Next, Next, Next, mẹ́ta míì sì ti wà nínú àpò ẹ̀. Tàbí kíráàkì, ìyẹn áàpù tó ń jẹ́ kí èèyàn lo ohun tí kò sanwó fún. Ẹni tó fẹ́ fi Office tàbí Photoshop tí wọn ò sanwó fún sórí kọ̀ǹpútà á kà á nínú ìlànà ẹ̀ pé kí òun kọ́kọ́ pa Defender. Olè tó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó wá ṣe? Ẹ yọ áàpù kíráàkì náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a wá. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word.

Bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ ka ohun tó bá kọ. Àwọn kan máa ń kun bọ́tìnnì "Keep" láwọ̀ tó ń dán, wọ́n á fi "Uninstall" pamọ́ ní lẹ́tà eérú nísàlẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan ohun tó bá ń jẹ́ Microsoft Visual C++, Intel, AMD tàbí Realtek. Èèyàn kan ti yọ ti Realtek rí lójú mi, kọ̀ǹpútà yadi, ó sì ní fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ohùn ẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí "Startup apps", kí ẹ tẹ "Disable" fún ohun tí ẹ kò mọ̀ tó ń tan ara ẹ̀ nígbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn.

Àyẹ̀wò: Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Kò gbọdọ̀ sí áàpù tó dédé ṣí fúnra ẹ̀, èyí tí ẹ yọ ò sì gbọdọ̀ tún sí nínú àkọsílẹ̀.

Ìpele 5: Kí Defender tú inú ilé wò

Bí áńtífáírọ́ọ̀sì méjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Méjì ò ṣọ́ ilé ju ọ̀kan lọ, wọ́n á kàn máa fura síra wọn, kọ̀ǹpútà á sì máa wọ́.

1. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ "Virus & threat protection", kí ẹ tẹ "Check for updates" lábẹ́ àpdéètì ààbò. Defender tí kò gba àpdéètì láti oṣù mẹ́ta ò mọ ojú olè tuntun.
2. Ẹ tẹ "Scan options", ẹ yan "Full scan". Ẹ lọ jẹun, ó máa pẹ́.
3. Bó bá parí, ẹ padà sí "Scan options", kí ẹ yan èyí tó ní "offline scan". Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí, torí kọ̀ǹpútà máa kú, á tún tàn, á sì yẹ ara ẹ̀ wò fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Windows tó jí. Ìdí tó fi lágbára nìyẹn: amí tó máa ń sá pamọ́ nígbà tí Windows bá ń ṣiṣẹ́ ò tíì jí nígbà yẹn. Cháájà ò gbọdọ̀ yọ.

Ẹ tún lọ sí "App & browser control", "Reputation-based protection settings", kí ẹ tan "Potentially unwanted app blocking". Òun ló ń dá àwọn áàpù ìpolówó tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì gan-an dúró.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣí "Protection history". Ohun tó bá mú gbọ́dọ̀ ní "Removed" tàbí "Quarantined" (ìyẹn ni pé ó ti tì í mọ́lé) lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ohun kan náà bá ń padà wá lẹ́yìn offline scan, ẹ má bá a jà mọ́. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín kúrò, kí ẹ fi "Reset this PC" bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìgbà yìí ni pípa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nítumọ̀.

Ìpele 6: Bí olófòófó bá ti kó ẹrù

Bí Defender bá rí ohun tó ní "Stealer", "Spyware" tàbí "PWS" nínú orúkọ, ẹ gbà pé páswọ́ọ̀dù yín ti jáde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀kan lára wọn, Lumma, wọ kọ̀ǹpútà Windows tó ju 394,000 lọ káàkiri ayé láàárín ọjọ́ 16 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe sọ.

Ẹ mú fóònù tó mọ́ yẹn. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà. Ímeèlì lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ẹ̀, torí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìyókù wà, lẹ́yìn náà báǹkì, kí ẹ tó kan Facebook àti àwọn tó kù. Páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́.

Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé: àwọn amí yìí ń jí cookie, ohun tó ń jẹ́ kí sáìtì mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n lè wọlé láìmọ páswọ́ọ̀dù, láìsí kóòdù tó ń wọ fóònù yín. Torí náà, ẹ lọ sí myaccount.google.com, Security, "Your devices", kí ẹ tẹ "Sign out" fún gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì tan "2-Step Verification".

Nínú Gmail, ẹ ṣí See all settings, kí ẹ wo "Filters and Blocked Addresses" àti "Forwarding and POP/IMAP". Gbájúẹ̀ tó bá wọlé máa ń fi ìlànà kan síbẹ̀ kí lẹ́tà báǹkì yín máa lọ bá òun, kó sì máa kúrò lójú yín.

Àyẹ̀wò: Ẹ̀rọ tí ẹ dá mọ̀ nìkan ló kù, kò sì sí àdírẹ́sì àjèjì níbi forwarding.

Ìpele 7: Spam

Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí spam á dópin pátápátá. Ohun tí a lè ṣe ni kó má máa pọ̀ sí i. Ẹ lo "Report spam" dípò kí ẹ kàn pa á rẹ́, kí Gmail lè kọ́ ojú ẹ̀. Ẹ má fèsì, bó tiẹ̀ jẹ́ èébú. "Unsubscribe" dára fún ilé ìtajà tí ẹ mọ̀ pé ẹ fún ní ímeèlì. Fún àjèjì, títẹ̀ ẹ́ ń sọ fún wọn pé ẹnì kan wà láàyè nídìí àdírẹ́sì yìí.

Nínú ètò Gmail, lábẹ́ "Images", ẹ yan "Ask before displaying external images". Àwòrán kékeré kan tí ojú ò rí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ti ṣí lẹ́tà. Bí sáìtì kan bá sì ní dandan ni kí ẹ fún òun ní ímeèlì, ẹ fi àmì ìròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ yín, bíi orukoyin+fiimu@gmail.com. Inú àpótí yín kan náà ló máa wọ̀, ẹ ó sì mọ ẹni tó tà yín.

Lẹ́tà tó ní BVN yín ti fẹ́ kú, tó so fáìlì mọ́ ara ẹ̀: ẹ má ṣí i. Ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ tẹ View, Show, kí ẹ tan "File name extensions". Láti ọjọ́ náà, fáìlì tó ń díbọ́n pé òun ni "Risiti.pdf" á hàn bó ṣe wà, "Risiti.pdf.exe".

Ìpele 8: Kí ẹ tó sinmi

Ẹ gba àpdéètì Windows. Ọ̀pọ̀ wa ló ti tan "Metered connection", ètò tó ń dá àpdéètì dúró kí dátà má baà tán, tí a sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ pa á lóru ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó wà lórí Windows 10, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè gbé 11, ẹ wo Windows Update fún ìforúkọsílẹ̀ àfikún ààbò tó ń lọ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026.

Ẹ fún àwọn ọmọ ní account tiwọn, irú tí wọ́n pè ní "Standard User". Áàpù tó bá fẹ́ yí Windows padà á bèèrè páswọ́ọ̀dù yín kó tó rí i ṣe. Fún ìpolówó, ẹ fi uBlock Origin Lite sórí Chrome, tàbí uBlock Origin gangan sórí Firefox.

Ohun kan wà tó ń mú àwọn tó gbọ́n pàápàá. Sáìtì á ní kí ẹ fi hàn pé ènìyàn ni yín: ẹ tẹ Windows+R, lẹ́yìn náà Ctrl+V, kí ẹ wá tẹ Enter. Sáìtì ti da àṣẹ kan sínú clipboard yín, ibi tí ohun tí ẹ bá kọ́pì máa ń wà, láìsọ, ọwọ́ yín lẹ sì máa fi gbé amí wọlé. Kò sí sáìtì gidi kankan tó ń bèèrè irú ẹ̀.

Fíláàṣì tó ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà dé náà ńkọ́? Bí gbogbo fódà inú ẹ̀ bá ti di shortcut tó ní ọfà kékeré lára, ẹ má ṣí wọn. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fíláàṣì náà, ẹ yan "Scan with Microsoft Defender". Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows. Bí lẹ́tà tí Windows fún fíláàṣì bá jẹ́ E, ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kí ẹ tẹ Enter. Àwọn fódà gidi tí wọ́n fi pamọ́ á yọjú, ẹ ó sì pa àwọn shortcut rẹ́.

Àyẹ̀wò: Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ padà sí chrome://settings/content/notifications. Ti àǹtí mi ṣì ṣófo ní Sátidé tó kọjá, àfi WhatsApp Web. Ọmọ wọn ti ń bẹ̀ mí pé kí n dá kíráàkì géèmù òun padà.